Ọ̀kadà Tuntun: Ẹ Bi Ẹni Tó Máa Jókòó Lẹ́yìn

Àwọn kan nínú àwa tí à ń gbé ìta ti ra ọ̀kadà. A ò bá wọn jà. Owó ọkọ̀ láti ilé dé géètì kì í ṣe owó kékeré mọ́, ẹlòmíì sì ń fi tirẹ̀ gbé oúnjẹ àti ẹrù fún àwọn oníbàárà kó lè rí owó ìwé. Ohun tó ń kọ wá lóminú ni ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tí ọ̀kadà bá délé. Boxer ò tíì rin àádọ́ta kìlómítà, wọ́n ti yọ dígí méjèèjì. Wọ́n ti gbé e lọ bá rìwáyà kó bá wọn so iná tó ń ṣẹ́jú mọ́ iwájú àti ẹ̀yìn. Wọ́n ti gbé e lọ bá wẹ́dà kó bá wọn gé sàlẹ́ńsà, kó lè máa bú ramúramù. Owó tó kù lápò ti tán nìyẹn. Tí ẹ bá wá béèrè hẹ́lmẹ́ẹ̀tì, wọ́n á ní ó di oṣù tó ń bọ̀.

Èrò tiwa ni pé ẹni tó máa jókòó lẹ́yìn ló yẹ kó kọ́kọ́ sọ ohun tí wọ́n máa fi owó yẹn ṣe. Ẹ dúró ní oríta Mayfair ní aago méje àárọ̀ kí ẹ wò ó. Ẹni tó wà níwájú di ọwọ́ ọ̀kadà mú, ó ń rí kòtò, òun ló sì mọ ìgbà tó fẹ́ tẹ bíréèkì. Ẹni tó wà lẹ́yìn ò rí nǹkan kan ju ọrùn ẹni tó ń gbé e lọ. Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ìyàlẹ́nu ló máa ń jẹ́ fún un. Òun náà ló sì sábà máa ń wọ ìró, síkẹ́ẹ̀tì gígùn tàbí jàlàbíà, tó gbé báàgì kọ́ apá kan, tó di fáìlì mú lápá kejì.

Orí aṣọ yẹn la ti máa bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ Íńdíà ni ilé iṣẹ́ Bajaj tó ń ṣe Boxer wà, àwọn obìnrin ibẹ̀ sì ń wọ sárì jókòó sẹ́yìn alùpùpù bí àwọn ìyá wa ṣe ń wọ ìró. Nínú òfin ọkọ̀ tí Íńdíà ṣe ní 1989, wọ́n ní dandan ni kí alùpùpù ní ohun tí ẹni ẹ̀yìn máa fọwọ́ dì mú, ibi tó máa gbé ẹsẹ̀ lé, àti ohun ìdáàbòbò tó bo ó kéré tán ìdajì táyà ẹ̀yìn, kí aṣọ má baà wọ inú rẹ̀. Ìró àti sárì, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n lójú táyà. Táyà tó bá fa etí aṣọ wọlé, ó ń fa ẹni tó wọ̀ ọ́ tẹ̀lé e ni, kò sì sí bíréèkì tó yára tó ìyẹn. Síbẹ̀, irin yìí ni ọ̀pọ̀ máa ń tú dànù torí pé kò jẹ́ kí ọ̀kadà rí bíi ti eré ìje. Tí èyí tí ẹ rà bá ní in, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u. Tí kò bá ní in, wẹ́dà tó fẹ́ gé sàlẹ́ńsà yín yẹn náà lè rọ ọ́, irin tẹ́ẹ́rẹ́ mélòó kan ni. Ẹ ní kó rí i pé ṣéènì náà ní ìbòrí.

Ẹ̀yin obìnrin inú wa mọ ọ̀rọ̀ sàlẹ́ńsà dáadáa. Ẹ wo ojúgun ẹsẹ̀ ọ̀tún àwọn ọ̀rẹ́ yín, ẹ máa rí àpá dúdú roboto lára àwọn kan. Ọ̀kan nínú wa ní irú rẹ̀, ó sì pẹ́ kó tó jinná. Irin náà kì í gbóná lójú, ẹsẹ̀ ló máa ń sọ fúnni. Páànù kékeré kan tó ní ihò, tí wọ́n dè mọ́ ara sàlẹ́ńsà tí àlàfo díẹ̀ sì wà láàárín wọn, ti tó láti gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀. Tí sàlẹ́ńsà tuntun yín bá ti ní in, ẹ má tú u. Ẹ yẹ irin ìtẹsẹ̀ ẹni ẹ̀yìn wò pẹ̀lú: ṣé rọ́bà wà lórí rẹ̀? Irin lásán máa ń yọ̀ tí òjò bá rọ̀.

Ní ti gígé sàlẹ́ńsà, a ò mọ ohun tó ń dùn nínú ẹ̀. Orúkọ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú ni wọ́n fi pe ọ̀kadà, Okada Air tí Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ ní Benin ní 1983. Kò wá pọn dandan kí ariwo ọkọ̀ òfúrufú náà tẹ̀lé e dé ẹ̀yìn fèrèsé wa ní aago méjìlá òru nígbà tí ìdánwò ku ọ̀la. Ẹ́ńjìnnì kékeré ò sì ní di ńlá torí pé ó ń pariwo. Nígbà mìíràn, eré rẹ̀ tún lè dín kù.

Hẹ́lmẹ́ẹ̀tì, méjì ni kí ẹ rà, kì í ṣe ọ̀kan. Ìwádìí tí àwọn onímọ̀ ìlera àgbáyé ń tọ́ka sí sọ pé hẹ́lmẹ́ẹ̀tì ń dín ewu ikú kù ní ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ń dín ewu kí orí fara pa kù ní ìdá 69. Ẹ rántí oṣù kìíní ọdún 2009, nígbà tí àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó FRSC bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn tí kò dé e. Àwọn èèyàn dé igbá, wọ́n dé ìkòkò, àwọn kan tilẹ̀ dé rọ́bà ọ̀dà. Àwọn èrò mìíràn kọ̀ láti dé ti ọlọ́kadà, wọ́n ní ó lè ti fi oògùn sí i. Àwa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rù orí àjèjì yẹn ò tíì tán, ti eléèpo orí ló tún kún un báyìí. Kí ẹni tó máa ń jókòó lẹ́yìn yín déédéé ní tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kó dé e wò kí ẹ tó sanwó, nítorí hẹ́lmẹ́ẹ̀tì tó ń mì lórí kò yàtọ̀ sí fìlà. Ẹ sì so okùn rẹ̀ lábẹ́ àgbọ̀n.

Iná ńkọ́? A fara mọ́ iná iwájú tó mọ́lẹ̀ dáadáa, torí pé òkùnkùn ojú ọ̀nà Ede kì í ṣe kékeré. Èyí tí a ò fẹ́ ni èyí tí wọ́n gbé sókè tó ń fọ́ ojú ẹni tó ń bọ̀ níwájú. Agbára iná mànàmáná tí ọ̀kadà kékeré ń pèsè ní ìwọ̀n. Tí rìwáyà bá ti gé wáyà síbí tó so ó mọ́ ọ̀hún, tí òjò wá wọ inú rẹ̀, ọ̀kadà lè kú mọ́ yín lọ́wọ́ láàárín títì. Kí dígí méjèèjì sì wà níbi tí wọ́n dè é sí. Wọ́n ní ó ń dí wọn lọ́wọ́ tí wọ́n bá fẹ́ sá láàárín ọkọ̀ méjì. Ẹni tó wà lẹ́yìn ò ní kí wọ́n gba ibẹ̀ kọjá, orúnkún tiẹ̀ ló sì ń há.

Ọ̀rẹ́ wa kan tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní kí a má gbàgbé irin eléyín tí ṣéènì ń yí lé lórí lẹ́yìn. Èyí tó bá tóbi díẹ̀ máa ń jẹ́ kí ọ̀kadà tó gbé ẹrù gun òkè láìwa wàhálà, àmọ́ á dín eré rẹ̀ kù. A gbà fún un. Fún ẹni tó ń gbé ẹrù, owó gidi nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ dúró kí ẹ kọ́kọ́ ṣe sáfíìsì àkọ́kọ́. A ò gbà fún un lórí fífa ìjókòó gùn kó lè gba èèyàn mẹ́ta. Ó ní owó òun ni, ọ̀kadà òun ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ẹni kẹta ò níbi tó ń tẹ̀, a sì mọ ibi tó máa gbé e sí: ẹ̀gbẹ́ sàlẹ́ńsà.

Bí ẹ bá ṣì ń ná ọ̀kadà yín lọ́wọ́, ẹ má wulẹ̀ máa bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yọ owó. Ẹ ní kí wọ́n fi hẹ́lmẹ́ẹ̀tì kejì àti irin ẹ̀gbẹ́ táyà kún un. Ó máa ń rọ ẹni tó ń tajà lọ́rùn láti fi nǹkan kún ọjà ju kó yọ owó lọ. Kí ẹ sì mú ẹni tó máa jókòó lẹ́yìn dání lọ síbẹ̀, kó gun un wò kí ẹ tó sanwó.