Ẹ̀dá Abàmì Kò Bá Ọmọ Ṣe Ìdánwò

Nígbà tí a wo sinimá CJ7 tán, púpọ̀ nínú wa ni ó sọ pé Stephen Chow, ará Hong Kong tí ó fi Shaolin Soccer (2001) àti Kung Fu Hustle (2004) pa wá lẹ́rìn-ín, kàn ṣe eré ọmọdé lásán ní ọdún 2008 ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Sinimá olùkọ́ ni.

Ti, tí Chow fúnra rẹ̀ ṣe, jẹ́ lébìrà níbi ìkọ́lé. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Owó rẹ̀ kò tó jẹun yó, síbẹ̀ ó fi Dicky, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, sí ilé-ìwé àwọn olówó. Ọmọbìnrin kan, Xu Jiao, ni ó ṣe Dicky, ẹni tí a kò bá sọ fún kò lè mọ̀. Aáyán ara ògiri ni bàbá àti ọmọ ń pa ṣeré. Àkìtàn ni bàbá ti ń ṣa bàtà fún ọmọ. Níbẹ̀ náà ni ó ti rí ẹ̀dá abàmì kan tí ó ti ojú ọ̀run wá, tí ó kéré bí ọmọ ajá, tí irun sì kún orí rẹ̀.

Dicky lá àlá pé ẹ̀dá yìí fún òun ní awò ojú tí òun fi rí ìdáhùn ìdánwò. Nígbà tí ó jí, ẹ̀dá náà kò lè ṣe nǹkan kan fún un. Òdo ni ó gbà, ó sì parọ́ fún bàbá rẹ̀ pé 100 ni. Irọ́ yìí dun bàbá ju ebi lọ, nítorí ó ti ń kọ́ ọ pé òtòṣì tí ó jẹ́ olóòótọ́ kì í ṣe ẹni ẹ̀gàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá já bọ́ níbi iṣẹ́ tí ó sì kú, ẹ̀dá náà lo gbogbo agbára rẹ̀ láti jí i, òun fúnra rẹ̀ sì di ọmọlangidi.

Àwọn àgbà ní òṣì ní í jẹ́ ta ní mọ̀ ọ́ rí. Olùkọ́ kan nínú eré náà kò fẹ́ kí Dicky fara kan òun nítorí ìdọ̀tí. Omidan Yuen ní tirẹ̀ ń fi ìfẹ́ bá a lò. Iṣẹ́ alágbàṣe ni bàbá tèmi fi rán mi dé ìwé kẹfà. Mo rántí olùkọ́ kan tí ó fi igi gbé ìwé mi nítorí pé epo ta sí i. Mo ti gbàgbé ohun tí ó kọ́ wa. N kò gbàgbé igi náà.

Ilẹ̀ yòówù kí a padà sí, Dicky kan yóò jókòó ní kíláàsì wa. Ẹ̀dá abàmì kò ní í wá bá a. Àwa ni yóò bá níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi ọwọ́ gba ìwé rẹ̀.