Gbogbo Ewé Kọ́ Ni Igbó

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Nígbà tí mo padà sí ilé baba mi lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ tí n kò ti dé ibẹ̀, mo rí i pé ilé náà kò ní ẹ̀ṣọ́ kankan tí a lè kó ròde mọ́. Koríko ti ga dé ojú fèrèsé. Ewé Akíntọ́lá ti bo ọ̀nà tí àlejò ń gbà wọlé, ìtàkùn sì ti gun orí òrùlé. N kò ní í gbèjà irú igbó bẹ́ẹ̀, nítorí pé ejò kì í ṣe ará ilé. Èmi gan-an ni mo kọ́kọ́ sọ pé kí a wá alágbàṣe, èmi náà ni mo sì san owó wọn.

Ètò tí àbúrò mi là sílẹ̀ kò le: kí a ṣán gbogbo rẹ̀ kanlẹ̀, kí a fín oògùn apakoríko sí i, kí a tẹ́ íńtálọ́ọ̀kì láti ẹnu ọ̀nà títí dé ẹ̀bá títì, kí a sì gbin ọ̀pẹ òyìnbó méjì sí ẹ̀gbẹ́ géètì. Kí n tó jí ní ọjọ́ kejì, àwọn alágbàṣe ti gé gbogbo pèrègún tí baba wa gbìn sí ààlà àwa àti aládùúgbò wa. Wọ́n kó o pọ̀ mọ́ Akíntọ́lá ní ẹ̀bá ògiri. Mo bi ọ̀kan nínú wọn léèrè ìdí tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin náà lẹ ní ká ṣán igbó."

Ìdáhùn yìí ni mo fẹ́ bá jà, nítorí pé kì í ṣe ti alágbàṣe náà nìkan. Ti gbogbo àwa tí a ń pe ara wa ní ọ̀làjú ni. A ti sọ ọ́ di àṣà pé ewékéwèé tí a kò bá fi owó rà, igbó ni.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ ohun méjì tí wọ́n kó jọ sí ẹ̀bá ògiri yẹn wò. Akíntọ́lá kì í ṣe ewé ilẹ̀ wa. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni orísun rẹ̀; àwọn onímọ̀ ní nǹkan bí ọdún 1937 ni ó bá irúgbìn igi Gmelina wọ Nàìjíríà. Orúkọ tí a sọ ọ́, orúkọ olóṣèlú tó kú ní 1966, jẹ́rìí sí i pé àlejò ni. Pèrègún ńkọ́? Ó ń pẹ́ láyé, kì í sì í rìn kúrò níbi tí a bá rì í sí. Ìdí nìyẹn tí àwọn baba wa fi í ṣe ààlà ilẹ̀. Ẹni tó bá gé e dànù ti fa ìwé ilẹ̀ rẹ̀ ya. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, aládùúgbò wa ti mú okùn ìwọnlẹ̀ dé, ó ní ilẹ̀ baba òun wọnú ojúde wa ju bí a ti rò lọ. Ní gbogbo ìgbà tí baba wa àti baba rẹ̀ fi wà láyé, kò sí ẹni tó gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

Díẹ̀ ló kù kí wọ́n kan igi akòko. Ewé akòko ni a ń fi sí orí ẹni tí a bá ń fi joyè. Síbẹ̀, àwọn olóyè wà tí wọ́n gé akòko ojúde wọn nítorí pé ewé rẹ̀ ń já sórí mọ́tò. Ní Bàhíà, ní ilẹ̀ Bùràsíìlì, àwọn ọmọ-ọmọ àwọn tí a kó lẹ́rú ṣì ń tọ́jú pèrègún àti akòko ní àgbàlá ilé òrìṣà wọn, orúkọ wọ̀nyí náà ni wọ́n sì ń pè wọ́n. Òkun kò gba ewé náà lọ́wọ́ wọn. Àwa tí a kò kúrò nílé ni a ń fi àdá lé e.

Wọn yóò ní ìmọ́tótó ni àwọn ń wá. Ìmọ́tótó dára, ṣùgbọ́n ọkọ́ àti ìgbálẹ̀ tó láti ṣe é. Ilẹ̀ tí a bò pátápátá kì í mu omi. Omi òjò tí ojúde mi kò mu, ojúde ẹlòmíràn ni ó ń lọ. Ìbàdàn mọ ohun tí mò ń wí: Ògùnpa kún ní oṣù kẹjọ ọdún 1980, ó gbé ènìyàn, ó gbé ilé, omíyalé tún dé ní ọjọ́ 26, oṣù kẹjọ, ọdún 2011. N kò sọ pé sìmẹ́ńtì ojúde ni ó fa gbogbo rẹ̀. Pàǹtí inú odò wà níbẹ̀, ilé tí a kọ́ sí ipadò wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ojúde kọ̀ọ̀kan tí a bò ń fi kún ẹrù odò.

Kí wá ni a ṣe? A kò dá igbó padà. A fa Akíntọ́lá tu tigbòǹgbò tigbòǹgbò. Ojú ọ̀nà mọ́tò nìkan ni a tẹ́ òkúta sí. Pèrègún kò ṣòro: ọ̀pá rẹ̀ tí a gé, bí a bá rì í mọ́lẹ̀, yóò hù. Àwọn àgbà ilé méjèèjì ni wọ́n fi àwọn kùkùté tó kù hàn wá, èmi àti aládùúgbò wa sì jọ rì í. Ṣùgbọ́n rinrin àti odúndún ìyá wa kò sí mọ́; oògùn apakoríko ti pa wọ́n kí n tó sọ̀rọ̀. N kò lè di ẹ̀bi yẹn ru àbúrò mi. Owó mi ni wọ́n fi ra oògùn náà, ọdún mẹ́jọ tí mo fi gbàgbé ilé ni ó sì mú kí koríko pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn àgbà ní bí a bá ń gé igi nínú igbó, kí a fi ọ̀rọ̀ ro ara ẹni wò. Ẹ jẹ́ kí a ṣán igbó o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí yóò mú àdá kọ́kọ́ bi àgbà ilé léèrè: èwo ló lalẹ̀ hù, èwo la gbìn?