Àbà Tí Ó Wà ní Ẹ̀yìnkùlé Tiwa Ńkọ́?

Ẹ̀yin ará mi nínú Ìṣẹ̀ṣe, ó ti mọ́ wa lára láti máa sọ pé Òyìnbó ni ó kọ́ wa láti ti ènìyàn mọ́lé nítorí pé ọpọlọ rẹ̀ dàrú. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ọdún 1907 ni ìjọba amúnisìn ṣí ilé àwọn wèrè sí Yábàá ní Èkó, fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ó sì fi jẹ́ ilé ìtìmọ́lé ju ilé ìwòsàn lọ. Ṣùgbọ́n ṣé ọwọ́ tiwa mọ́?

Nígbà èwe mi ní Òkè-Sopẹ́n, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹ̀yìnkùlé oníṣègùn kan ni mo máa ń gbà kọjá lọ pọn omi. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kan àbà mọ́ lẹ́sẹ̀. Ó mọ orúkọ bàbá mi. Ó máa ń kí mi, ó sì máa ń béèrè bóyá ọjà ti kún. Ara rẹ̀ ti balẹ̀, síbẹ̀ àbà kò kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀. N kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni bi í léèrè bóyá ó fẹ́ lọ sílé. Èmi náà kò bi í.

Ní 2019, àjọ Human Rights Watch gbé ìròyìn jáde nípa Nàìjíríà: wọ́n bá ènìyàn nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ní ilé oníṣègùn ìbílẹ̀, ní ilé ìjọsìn Kìrìsìtẹ́nì àti ti Mùsùlùmí, àti ní ilé ìwòsàn ìjọba pàápàá. Kí a má ṣe ka ti àwọn yòókù kí a wá fo tiwa.

N kò sọ pé kí a má fi ipá mú ẹnikẹ́ni láé. Bí ọmọ ìyá mi bá ń sáré lọ bẹ́ sódò, n ó dì í mú, n kò ní tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn tí mo bá dì í mú tán ni ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀: títí di ìgbà wo? Ta ni yóò jókòó tì í? Ta ni ó lè ké sí pé kí wọ́n tú òun sílẹ̀? Àwa tí a ń kọ́ni pé olúkúlùkù ni ó kúnlẹ̀ yan orí tirẹ̀, àwa ni ó yẹ kí ìbéèrè yìí ká lára jù.

Ní 1954, ní Aro, Abẹ́òkúta, Dókítà Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan: aláìsàn ń gbé ní abúlé ìtòsí ilé ìwòsàn, ìbátan rẹ̀ kan sì gbọ́dọ̀ bá a wá láti máa tọ́jú rẹ̀. A fẹ́ràn láti máa yangàn pé ó pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra. Ti ìbátan yẹn ni a máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ó dùn mọ́ mi jù. Ẹni tí ẹbí rẹ̀ wà nítòsí kò rọrùn láti gbàgbé sínú àbà.

Òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù, tí a kéde ní oṣù kìíní 2023, gbà kí a fi dandan gba ènìyàn sí ìtọ́jú, ṣùgbọ́n ó fi ààlà sí i. Ta ni yóò wá mú un ṣẹ ní ẹ̀yìnkùlé Òkè-Àgbò bí kò ṣe àwa fúnra wa? Kí oníṣègùn má gba aláìsàn tí kò ní ẹbí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kí a kọ ọjọ́ tó dé sílẹ̀. Kí àgbà mìíràn máa wá wò ó ní ọ̀sẹ̀ Ifá kọ̀ọ̀kan, kí ó sì bá a sọ̀rọ̀ láìsí onílé níbẹ̀. Àti aṣofẹ́yẹjẹ tí a ń bù sínú ẹ̀kọ rẹ̀ láìsọ fún un, kí ó lè máa sùn: ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á mọ́ àbà.

Mo sọ èyí fún àwọn àgbà mẹ́ta. Àwọn méjì gbà. Ẹnì kẹta ní àbà ni bàbá òun lò, ó sì wo ènìyàn sàn. Mo ní n ó wá kí ẹni tó wà nílé rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ Ifá tó ń bọ̀. Kò tíì sọ fún mi pé kí n má wá.