Ká Kọ́lé, Ká Má Pa Igbó Run

Nínú gbogbo ohun tí ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ń torí rẹ̀ wá yáwó, ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́ kì í gbẹ́yìn. Ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ ń bọ̀, ẹni tó fẹ́ da ìpìlẹ̀ ń bọ̀, ẹni tí páànù kù fún náà ń bọ̀. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ilé làbọ̀ sinmi oko. Ẹni tó ṣiṣẹ́ tí kò nílé, a kò lè sọ pé kó máa sùn lórí igi.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí a fẹ́ bá ara wa sọ lóṣù yìí. Níbo la ń kọ́ ilé ọ̀hún sí? Kí la sì ń gé lulẹ̀ ká tó rí àyè kọ́ ọ?

Láyé àwọn bàbá wa, ìlú Yorùbá tí kò ní igbó kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá oko sí ṣọ̀wọ́n. Òmíràn jẹ́ igbó orò, òmíràn jẹ́ igbó tó yí odò tí ìlú ń mu ká. Àwọn baba wa kò kà á nínú ìwé o. Èèwọ̀ ni wọ́n pè é, ó parí. Ṣùgbọ́n èèwọ̀ yẹn ló jẹ́ kí ẹranko rí ibi sá sí, òun ló jẹ́ kí odò ní ìbòòji, kó má tètè gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Lónìí, èèwọ̀ ti ń rọ̀, owó ilẹ̀ sì ń gbówó lérí. Ẹni tó bá kó owó wá, wọ́n á wọn ilẹ̀ fún un, ìbáà jẹ́ etídò, ìbáà jẹ́ ìdí ìrókò.

Ẹ jẹ́ ká mú gúnnugún wò. Ẹ̀yin tí ẹ ti tó ẹni àádọ́ta ọdún sókè, ẹ ò gbàgbé bó ṣe máa ń bà lé òrùlé níbi tí wọ́n bá ti ń pa màlúù. Ẹ bi ọmọ yín tó wà ní ilé ìwé bóyá ó ti fojú kàn án rí. Igún kì í kú léwe, ni àwọn àgbà wí. Ó ti ń kú léwe báyìí. Láti ọdún 2015 ni àwọn onímọ̀ àgbáyé tó ń ka iye ẹ̀dá tó kù láyé ti kọ orúkọ gúnnugún tiwa yìí sínú àwọn tó kù díẹ̀ kí wọ́n tán pátápátá. Àwọn tó ń pa á ṣe oògùn ló lẹ́bi jù, a kò ní bò ó mọ́lẹ̀. Àmọ́ ká tiẹ̀ ní wọn ò pa á mọ́, níbo ni yóò yé ẹyin sí? Ẹyin kan ṣoṣo ló ń yé lẹ́ẹ̀kan, orí igi gíga bí àràbà àti ìrókò ló sì fẹ́ràn láti tẹ́ ìtẹ́ rẹ̀ sí. Igi wọ̀nyẹn gan-an la máa ń kọ́kọ́ gé tí a bá fẹ́ kọ́lé.

Odídẹrẹ́ náà ńkọ́? Ẹyẹ tí ìkóóde rẹ̀ wà lára adé ọba wa! Inú ihò igi ńlá tó ti gbó ló ń gbé ọmọ rẹ̀ sí. Ní orílẹ̀-èdè Gánà, àwọn tó ṣèwádìí rí i pé nínú odídẹrẹ́ ọgọ́rùn-ún tó wà níbẹ̀ ní ọdún 1992, kò ju mẹ́wàá lọ tó kù ní nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn náà, ó tiẹ̀ lè má ju ẹyọ kan lọ. Dídẹ pańpẹ́ sí i fún títà ló fà á, pẹ̀lú gígé igi tó ń gbé.

Akíka náà kò gbẹ́yìn. Èèrà àti ikán ni oúnjẹ rẹ̀, ikán tó ń jẹ igi àjà ilé wa yẹn náà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2019, láàárín ọjọ́ márùn-ún péré, ìjọba Singapore gba ìpẹ́ akíka tó tó tọ́ọ̀nù 12.9 lẹ́ẹ̀kan àti tọ́ọ̀nù 12.7 lẹ́ẹ̀kejì, ó sì jẹ́ pé láti Nàìjíríà ni ẹrù méjèèjì ti gbéra. Ẹ fojú inú wo iye ẹran tí wọ́n pa. Ọdún 2016 ni àwọn orílẹ̀-èdè ti pàdé ní Johannesburg, tí wọ́n fòfin de títa odídẹrẹ́ àti akíka láti ilẹ̀ kan sí òmíràn.

Ẹnìkan lè sọ pé, ṣebí ìjọba wà? Wọ́n wà, òfin sì wà. Òfin kan jáde ní ọdún 1985 lórí àwọn ẹranko tó fẹ́ tán, ṣùgbọ́n ọdẹ àti ọlọ́jà ló kọjú sí. Òmíràn jáde ní 1992, Àṣẹ nọ́ńbà 86, tó ní ká yẹ ohun tí iṣẹ́ ńlá máa ṣe sí àyíká wò ká tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nípa ti ilé, ibi tí ilẹ̀ bá ti tó 50 hẹ́kítà ni òfin yìí ti sọ pé àyẹ̀wò di dandan. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Pílọ́ọ̀tì tó jẹ́ 60 ẹsẹ̀ ní 120 ẹsẹ̀, ó máa ju 700 lọ kó tó di 50 hẹ́kítà. Ta ló fẹ́ ra 700 pílọ́ọ̀tì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní Ìfira? Ọ̀kọ̀ọ̀kan, méjìméjì là ń rà á. Ọ̀kọ̀ọ̀kan, méjìméjì náà ni igbó fi ń tán. Kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba kankan tó máa wá yẹ pílọ́ọ̀tì ẹyọ kan wò nítorí ẹyẹ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan ẹgbẹ́ wa nìyí. Púpọ̀ nínú pílọ́ọ̀tì ẹyọ kọ̀ọ̀kan wọ̀nyẹn, owó àjọ wa la fi ń rà á. Ìwé ìyáwó ń gba ọwọ́ wa kọjá. Ohun tí òfin ìjọba àpapọ̀ kò lè rí, àwa ń rí i, nítorí a mọ ilẹ̀, a mọ odò, a sì mọ ẹni tó fẹ́ kọ́lé síbẹ̀.

Kì í ṣe pé a fẹ́ kí ìlú dúró sójú kan. Ilé àti igbó lè jọ wà. Ní Òṣogbo, igbó Ọ̀ṣun jẹ́ hẹ́kítà 75, ìlú ńlá sì wà létí rẹ̀. Nígbà kan, wọ́n ti ń gé igi ibẹ̀, àwọn oníṣòwò ilẹ̀ sì ti ń yọjú sí i, kí àwọn àwòrò àti ìyá aláwọ̀ funfun nì, Susanne Wenger tí wọ́n ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, tó dìde gbà á sílẹ̀. Ní ọdún 2005, àjọ UNESCO kọ ọ́ sínú àwọn ibi àjogúnbá gbogbo ayé. Lékòó, Lekki tí ilẹ̀ ti wọ́n bí ojú, hẹ́kítà 78 ni wọ́n dá sí láti ọdún 1990 fún ọ̀bọ, ọ̀nì àti ẹyẹ. Àwọn ènìyàn ń sanwó wọlé síbẹ̀ lọ wòran.

Ní ìpínlẹ̀ Cross River, ìjọba ibẹ̀ fẹ́ la títì ńlá tó gùn ní kìlómítà 260. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2016, wọ́n kéde pé àwọn á gba ilẹ̀ kìlómítà mẹ́wàá mẹ́wàá lápá ọ̀tún àti lápá òsì títì náà, nínú igbó tí ìnàkí tí kò tó 300 mọ́ láyé ń gbé. Àwọn ará Ekuri tó ti ń ṣọ́ igbó wọn tipẹ́ kọ̀ jálẹ̀. Wọn ò sọ pé àwọn ò fẹ́ títì o. Ohun tí wọ́n sọ ni pé títì kò gbọdọ̀ gba igbó lọ́wọ́ àwọn. Nígbà tó di 2017, ìjọba fúnra rẹ̀ fagi lé ilẹ̀ fífẹ̀ tó fẹ́ gbà yẹn.

A sì ti rí ibi tí kíkọ́lé sétídò ń gbé ènìyàn dé. Odò Ògùnpa ní Ìbàdàn, ọjọ́ kẹtàlélọ́gbọ̀n kọ́ ló pa ilé run, alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo ni, ní ìparí oṣù kẹjọ ọdún 1980. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé bá omi lọ. Ẹni tó bá fi etídò sílẹ̀ fún igi àti ẹyẹ, ara rẹ̀ gan-an ló ń gbà là.

A mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ kan á ní, "Èwo ni ti gúnnugún? Ṣé gúnnugún ló máa gba yàrá fún mi ni?" Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ẹni tí òun àti ìyàwó pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin há sínú yàrá kan, kò lè fetí sí ìwàásù ẹyẹ. Àwọn mìíràn á ní igbó ìbọ̀rìṣà ni, kí wọ́n gé e dànù jàre. Àwa kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni bọ ọ́. Onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí ló jọ ń pọn omi odò tó ti inú igbó yẹn ṣàn. Ọ̀rọ̀ tó le jù ni ti ẹbí tó ni ilẹ̀. Bí gbogbo ìlú bá ní kí wọ́n má ta igbó wọn, ṣé àwọn nìkan ni kó fara gbá a? Kò tọ́ bẹ́ẹ̀.

Àbá tiwa rè é. Èkíní, kí fọ́ọ̀mù ìyáwó ilé máa bèèrè bóyá ilẹ̀ náà kan odò tàbí igbó tí ìlú dá sí, kí onídùúró méjèèjì sì bá wa lọ wò ó kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Èkejì, kí ẹgbẹ́ má ṣe yá ẹnikẹ́ni lówó ra ilẹ̀ tí kò tó ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ sí bèbè odò. Ẹ̀kẹta, bí àràbà tàbí ìrókò bá wà lórí pílọ́ọ̀tì, kí a sún ilé jìnnà sí i bí àyè bá wà. Bí igi náà bá lè wó lu ilé, kí a gé e, ẹ̀mí ènìyàn ló ṣáájú, ṣùgbọ́n kí a gbin mẹ́ta dípò rẹ̀. Ẹ̀kẹrin, kí àwọn kábíyèsí àti ìjọba ìbílẹ̀ wá ilẹ̀ mìíràn fún ẹbí tó bá fi igbó sílẹ̀ fún ìlú.

Ẹ̀karùn-ún ló jẹ wá lógún jù. Ẹ rìn káàkiri àárín ìlú, ẹ wo ilé alámọ̀ tó ti wó, ẹ wo ilé bàbá tí koríko ti bò nítorí pé àwọn ọmọ kò fohùn ṣọ̀kan. Ọ̀nà wà níbẹ̀, iná ti dé ibẹ̀, kò sí igi kan tí a fẹ́ gé. Kí ẹgbẹ́ dín èlé kù fún ẹni tó bá gba àṣẹ ẹbí rẹ̀ tó fẹ́ tún irú ilé bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí a bá ṣe èyí, a óò rílé gbé, àárín ìlú á tún jí, igbó á sì sinmi.

Èlé tí a bá dín kù, àpò gbogbo wa ló máa ti jáde, a kò tan ara wa. Ìpín ọdọọdún lè dín díẹ̀. Àwa gbà pé ó tó ohun tí a ń fi owó rà, nítorí odò tó bá gbẹ, kò sí ẹgbẹ́ tó máa yáwó tún un ṣe. Ẹ gbé àbá yìí yẹ̀wò nílé, kí ẹ sì mú èrò yín wá sí ìpàdé gbogbogbòò. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ire o.