Sí ẹ̀yin tó ń fi kọ̀ǹpútà wá oògùn nínú ewé wa

Odòmẹ́ta ní ilẹ̀ Kétu ni ìwé yìí ti wá, níbi tí a kì í sábà fi ewé kan ṣoṣo se àgbo. Ní 2007, Andrew Hopkins fi orúkọ network pharmacology pe èrò kan: pé oògùn tó ń kan ojú ibi púpọ̀ nínú ara lè sàn ju èyí tó dojú kọ ibi kan ṣoṣo lọ. Kò sí alágbo tí ọ̀rọ̀ náà máa yà lẹ́nu. Èrò náà dára. Ohun tí ẹ sọ ọ́ dà ló ń bí mi nínú.

Ẹ ó mú orúkọ ewé kan, ẹ ó wọ inú àkójọ bíi TCMSP, tí àwọn ará Ṣáínà gbé jáde ní 2014, tó ní egbòogi 499 láti inú ìwé oògùn ilẹ̀ wọn. Ẹ ó ní kí kọ̀ǹpútà yọ èròjà tí èyí tó lè dénú ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀ kò tó ìdá 30 nínú 100 kúrò. Ìṣirò lásán ni iye yẹn. Ẹnikẹ́ni kò wọ̀n ọ́n lára ènìyàn. Èròjà tí wọ́n ń pè ní quercetin ló sábà máa ń ṣẹ́kù. Ẹ ó wá ya àwòrán okùn tó so èròjà mọ́ ojú ibi tó ń kàn nínú ara, àwọn púrótéènì bíi AKT1 àti TNF á bọ́ sí àárín, torí pé wọ́n wà lára èyí tí ayé ti kọ̀wé lé lórí jù. Ó parí, ìwé ti jáde. Quercetin yìí kan náà kún inú àlùbọ́sà. Kí la wá ń wá lọ sínú igbó?

Ẹ wo àwọn tó ṣáájú yín. Ní Ifẹ̀, Abayomi Sofowora àti akẹgbẹ́ rẹ̀ po omi gbòǹgbò orin àta mọ́ ẹ̀jẹ̀ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ní 1971 wọ́n kéde pé sẹ́ẹ̀lì tó ti tẹ̀ bíi dòjé padà sí bó ṣe yẹ kó rí. Niprisan, oògùn àrùn yẹn kan náà, ńkọ́? Ọwọ́ Alùfáà Paul Ogunyale ni àpòpọ̀ náà ti wá: iyèré, igi osùn, kànáfùrù, ewé ọkà bàbà. Ilé ìwádìí oògùn NIPRD ní Àbújá gbà á, wọ́n sì fi òun àti àfarawé tí kò ní oògùn nínú ṣe pàṣípààrọ̀ fún aláìsàn 82, láìjẹ́ kí aláìsàn tàbí dókítà mọ èyí tó ń lọ lọ́wọ́. Èsì rẹ̀ jáde ní 2001. Lóòótọ́, Xechem, iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà tó gba iṣẹ́ ṣíṣe rẹ̀, wọ gbèsè ní 2008. Ọ̀ràn owó nìyẹn, ewé kò jẹ̀bi.

Ibí gan-an ni àwòrán yín ì bá ti wúlò. Nínú èròjà Niprisan mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ni iyèré ń ṣe tí osùn kò ṣe? Èwo la lè yọ? Kí kọ̀ǹpútà tọ́ka, kí ọwọ́ dán an wò. Àmọ́ àwòrán yín kì í béèrè bóyá omi ni a fi sè é tàbí ọtí, ewé tútù ni tàbí gbígbẹ, ife ni tàbí ṣíbí. Tu Youyou, tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2015, kò rí oògùn ibà rẹ̀ mú àfìgbà tó yẹra fún ooru tó ń ba èròjà ewé náà jẹ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kọ̀wé lórí ewé Kétu mọ́ láìkọ́kọ́ bi ẹni tó ń sè é, kí ẹ sì gbé e dé ilé àyẹ̀wò. Ẹ̀yin olóòtú ìwé ìwádìí, èyí tí kò bá débẹ̀, ẹ dá a padà.