Ọmọ Ilé Ni Wá, A Kì Í Ṣe Ìwọ̀fà

Ẹ̀kọ́ kan ti gbilẹ̀ láàárín wa, a sì ń fi í kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, pé ìgbàgbọ́ nínú Kristi ni ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n pípa òfin mọ́ ni owó ilé. Wọn a máa wí fún ọmọ pé, Jésù gbà ọ́ nítòótọ́, ṣùgbọ́n bí o bá pa ìsìn jẹ, tàbí bí o bá ṣìnà lẹ́ẹ̀kan, Ọlọ́run ti yọ orúkọ rẹ kúrò nínú ìwé. Àwọn tí ń kọ́ni bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ènìyàn búburú. Púpọ̀ nínú wọn ní ìtara ju àwa lọ. Ṣùgbọ́n ìtara kì í sọ èké di òtítọ́. Àwa wí i gbangba pé ẹ̀kọ́ náà kì í ṣe ti ìhìnrere.

Ọ̀ràn yìí kì í ṣe tuntun. Ní nǹkan bí ọdún 49, àwọn kan sọ̀ kalẹ̀ láti Jùdéà wá sí Áńtíókù, wọ́n sì ń kọ́ àwọn Kèfèrí tí ó gbàgbọ́ pé, bí a kò bá kọ wọ́n nílà gẹ́gẹ́ bí òfin Mósè, a kò lè gbà wọ́n là. Pọ́ọ̀lù àti Bánábà bá wọn jiyàn gidigidi, títí ọ̀ràn náà fi dé iwájú àwọn Àpọ́sítélì àti àwọn àgbà ní Jerúsálẹ́mù. Níbẹ̀ ni Pétérù ti dìde, tí ó bèèrè ìdí tí a ó fi gbé àjàgà tí àwọn baba wọn kò lè rù bọ àwọn ọmọ-ẹ̀yìn lọ́rùn. Ìgbìmọ̀ náà ní kí àwọn ará yẹra fún ohun tí a fi rúbọ sí òrìṣà, fún ẹ̀jẹ̀, fún ohun ìlọ́lọ́rùnpa, àti fún àgbèrè. Ṣùgbọ́n wọn kò wí pé nípa ìwọ̀nyí ni a ó fi gbà wọ́n là.

Ẹni tí ó bá ka ìtàn yìí nílẹ̀ wa lè ṣe kàyéfì, nítorí àwọn baba wa pẹ̀lú a máa kọ ọmọkùnrin nílà. Ṣùgbọ́n ìjà Pọ́ọ̀lù kì í ṣe ìjà abẹ. Òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ Tímótíù nílà, ẹni tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Júù, nítorí àwọn Júù tí ó wà ní agbègbè náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fẹ́ fi ipá kọ Títù ará Gíríìkì nílà, kò gbà fún wọn, kódà fún wákàtí kan. Ohun kan náà tí ó jẹ́ àṣà lára Tímótíù ni ìbá di owó ìràpadà lára Títù. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí lọ́dọ̀ wa. Ààwẹ̀ dára, owó kíláàsì dára fún iṣẹ́ ìjọ, aṣọ mímọ́ ní Ọjọ́ Ìsinmi dára. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí a bá sọ ọ̀kan nínú wọn di iye tí a fi ń ra ìfẹ́ Ọlọ́run, ọjọ́ náà ni ó yẹ kí a kọ̀ ọ́.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ gbọ́ èyí, nítorí ti yín ni. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù ń kọ̀wé sí àwọn ará Gálátíà, ó fi òfin wé ẹni tí àwọn Gíríìkì ń pè ní paidagogos. Ẹni yìí kì í ṣe olùkọ́ gan-an. Ẹrú ni, tí baálé ilé fi ṣọ́ ọmọ rẹ̀, tí ń mú ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, tí ó sì ń bá a wí bí ó bá ń ṣeré lójú ọ̀nà. Iṣẹ́ rẹ̀ dára, ó sì ṣe dandan. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹrú náà ni ó sọ ọmọ di ọmọ. Ọmọ ni kí ẹrú tó fà á lọ́wọ́, ọmọ ni yóò sì jẹ́ nígbà tí iṣẹ́ ẹrú bá parí.

Láyé àwọn baba wa, ẹni tí ó bá yá owó a máa fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó. Ìwọ̀fà a jí lọ sí oko, a kọ ebè. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kì í dín owó náà kù, nítorí èlé nìkan ni iṣẹ́ náà dúró fún. Bí ó fi ogún ọdún kọ ebè, ojú owó wà níbẹ̀ bí ó ti wà. Ọjọ́ tí a bá san ojú owó pé ni ó tó bọ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹni tí ń fi òfin wá ìgbàlà. Iṣẹ́ rere òní jẹ́ ojúṣe òní. Kò sí èyí tí ó ṣẹ́kù tí a lè fi san gbèsè àná. Kristi ti san ojú owó. Ta ni ẹ̀yin, tí ẹ tún ń jí ẹni tí a ti rà padà lọ sí oko olówó? Orúkọ oore-ọ̀fẹ́ pàápàá ta kò yín: bí a bá gbà á bí ọ̀yà, kì í ṣe oore mọ́, bí a bá san owó rẹ̀, kì í ṣe ọ̀fẹ́ mọ́.

Wọn a dáhùn pé, bí a bá kọ́ ọmọ bẹ́ẹ̀, yóò ya pòkíì. Wọ́n ti bi Pọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ rí, ó sì kọ̀ fún wọn pátápátá. Àwa pẹ̀lú bi yín: kíláàsì tí ó jẹ́ pé pàṣán nìkan ni ó ń mú un dákẹ́, báwo ni ó ti ń rí nígbà tí olùkọ́ bá jáde? Ìbẹ̀rù a máa ṣọ́ ojú olùkọ́. Ọpẹ́ ni ó ń ṣọ́ ọkàn. Àwọn àgbà sì wí pé, ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ẹni tí ó ń fi oore-ọ̀fẹ́ bo ẹ̀ṣẹ̀ mọ́lẹ̀ kò tí ì mọ iye tí a san nítorí rẹ̀.

Ẹ rò ó wò, ọmọ tí ó jí pẹ́ńsù ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí a sì ti kọ́ pé Ọlọ́run ti pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Kí ni yóò ṣe? Yóò di àgàbàgebè, kí a má baà mọ̀. Tàbí yóò wí pé ọ̀ràn òun ti bàjẹ́, yóò sì jí òmíràn. Kò ní jẹ́wọ́, nítorí kò sí Baba mọ́ tí òun ó jẹ́wọ́ fún. Nítorí náà, ẹ máa kọ́ àwọn ọmọ ní Òfin Mẹ́wàá, ẹ má ṣe yọ ọ̀kan kúrò. Ẹ jẹ́ kí ó dá pẹ́ńsù náà padà, kí ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ sọ fún un pé ọmọ ilé ni ó ṣe é, ilé náà sì ni kí ó padà sí.