Abéèrè-ọ̀nà Kì í Ṣìnà: Ta Ni Yóò Béèrè fún Ọ̀mùtí?



Àwọn baba wa a máa wí pé abéèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó lè la ẹnu rẹ̀ ni òwe náà ń bá wí. Ọ̀mùtí tí ó ń fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí kò lè béèrè bẹ́ẹ̀ ní ìrọ̀rùn, nítorí ìtìjú ti pa á lẹ́nu mọ́. Èrò mi ni pé iṣẹ́ àwa tí a ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ni láti mọ ọ̀nà ìpàdé àwọn tí wọ́n ti jáwọ́ nínú ọtí, kí a sì mú irú ẹni bẹ́ẹ̀ débẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí irú ìpàdé yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1935, Bill Wilson, ará New York, lọ sí ìlú Akron ní ìpínlẹ̀ Ohio, ní Amẹ́ríkà, nítorí òwò. Òwò náà forí ṣánpọ́n. Kò tí ì pé oṣù mẹ́fà tí ó ti fi ọtí sílẹ̀, òun nìkan ni ó sì wà ní hòtẹ́ẹ̀lì tí a ti ń ta ọtí. Ó mọ̀ pé bí òun kò bá rí ọ̀mùtí mìíràn bá sọ̀rọ̀, òun yóò tún mu. Ó pe àlùfáà kan, Walter Tunks, lórí tẹlifóònù. Àlùfáà náà fún un ní orúkọ àwọn ènìyàn, àwọn orúkọ wọ̀nyí ni ó sì mú un dé ọ̀dọ̀ obìnrin kan, Henrietta Seiberling. Obìnrin yìí mọ oníṣègùn kan tí ọtí ń bá fínra, Dókítà Bob Smith, ó sì mú kí àwọn méjèèjì pàdé ní ilé rẹ̀ ní ọjọ́ 12 oṣù náà. Dókítà ti pinnu pé ìṣẹ́jú 15 péré ni òun yóò lò. Ó lò ju wákàtí 5 lọ. Ó tún ṣubú lẹ́ẹ̀kan sí i, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 10 oṣù kẹfà títí ó fi kú ní ọdún 1950, kò fi ọtí kan ẹnu mọ́. Ọjọ́ 10 oṣù kẹfà yẹn ni ẹgbẹ́ Alcoholics Anonymous ń kà sí ọjọ́ ìbí rẹ̀. Lónìí, ẹgbẹ́ náà wà ní orílẹ̀-èdè tí ó ju 150 lọ.

Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe Wilson nìkan ni ó ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹnì kan fi orúkọ lé e lọ́wọ́. Ẹnì kejì ṣí ilẹ̀kùn ilé rẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ti wí pé, “Èwo ni tèmi níbẹ̀?”, ta ni ó mọ̀ bí ọ̀rọ̀ ìbá ti rí?

Àwọn kan yóò wí pé àdúrà ilé ìsìn ti tó. Kí a má ṣe dẹ́kun àdúrà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti jìn sí kòtò rí ni ó mọ bí a ti í gun òkè jáde. Ní ìpàdé yìí, ẹni tí ó ti jáwọ́ láti ọdún 10 a máa jókòó ti ẹni tí ó jáwọ́ lánàá, ẹnikẹ́ni kì í sì í fi ẹnì kejì ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ọdún 2020, àwọn onímọ̀ mẹ́ta yẹ ìwádìí 27 wò, èyí tí ó kan ènìyàn 10,565. Wọ́n rí i pé ìtọ́jú tí ó ń fi ètò tí ó gún mú ènìyàn wọ inú ẹgbẹ́ yìí a máa ran púpọ̀ lọ́wọ́ láti fi ọtí sílẹ̀ pátápátá, ju àwọn ìtọ́jú mìíràn tí a fi wé e lọ. Amọ̀nà ṣe pàtàkì, ẹ̀yin ọ̀rẹ́.

Àwọn mìíràn yóò wí pé òun fúnra rẹ̀ ni ó gbé ife sẹ́nu. Ta ni nínú wa tí í kọ́kọ́ bi ẹni tí ó ṣubú sí kànga bóyá ó wo ilẹ̀ dáradára, kí ó tó na okùn sí i?

Nítorí náà, bí òbí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá fi ọ̀rọ̀ yìí lọ̀ wá lọ́la, kí ni kí a ṣe? Ṣáájú ohun gbogbo, kí a mú un lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn, nítorí ẹni tí ó ti ń mutí púpọ̀ lójoojúmọ́, bí ó bá dá a dúró lójijì, ara rẹ̀ lè máa gbọ̀n, gìrì lè gbé e, ó sì lè kú. Lẹ́yìn náà, kí a bá a wádìí ibi ìpàdé, ọjọ́ àti wákàtí rẹ̀, àti bóyá gbogbo ènìyàn ni ó lè wọlé tàbí àwọn tí ń fẹ́ jáwọ́ nìkan. Kí a sọ fún un pé a kì í gba owó ìwọlé, àti pé ìfẹ́ láti fi ọtí sílẹ̀ nìkan ni a ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí yóò di ọmọ ẹgbẹ́. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí a sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Bí ìpàdé kan kò bá bá a lára mu, kí a wá òmíràn. Bí ìlú rẹ̀ kò bá sì ní, àwọn kan wà tí a ń ṣe lórí tẹlifóònù àti kọ̀ǹpútà. Kí a má gbàgbé aya àti àwọn ará ilé rẹ̀: nítorí tiwọn ni a ṣe dá ẹgbẹ́ Al-Anon sílẹ̀ ní ọdún 1951. Lékè gbogbo rẹ̀, kí a pa àṣírí rẹ̀ mọ́.

Ọ̀nà ilé ọtí kò ṣòro í mọ̀ ní ìlúkílùú tí a bá rán wa lọ. Ọmọdé pàápàá lè júwe rẹ̀. Kí olùkọ́ ìlú náà jẹ́ ẹni tí ó lè júwe ọ̀nà kejì.